Ọrùn gígùn, ojú tí kò ní ẹyin: kí ni Modigliani ń yà?

Ìbéèrè: Nínú ìwé ilé-ìwé wa ní Kétu, a rí àwòrán ènìyàn tí Amedeo Modigliani yà. Ọrùn gùn, imú tẹ́ẹ́rẹ́, ojú ṣófo. Ṣé ojú ló ń dùn ún ni, àbí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa ló wò?

Ìdáhùn: Méjèèjì kọ́. Livorno ní Ítálì ni wọ́n bí i sí ní 1884. Ní 1906 ló ṣí lọ sí Paris, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1920, kò tíì pé ọmọ ọdún 36. Láti nǹkan bí 1909 títí di 1914, òkúta ẹfun ló gbájú mọ́. Orí ènìyàn ló ń gbẹ́: ó gùn gbọọrọ, imú rẹ̀ rí bí ọ̀pá, ojú rẹ̀ kò ju ihò pẹrẹsẹ lọ. Nígbà tó padà sí ọ̀dà, ọwọ́ agbẹ́kùúta náà ló bá a lọ.

Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ jẹ́ ká rọra. Tiwa a máa la ojú kalẹ̀, ẹyinjú a sì hàn. Ìbòjú àwọn Baoulé ní Côte d'Ivoire ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí lára tirẹ̀: ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ìlà imú á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi irun ojú.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi òkúta sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà èwe, eruku òkúta kò sì ṣeé fà símú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òkúta náà wọ́n.

Ìbéèrè: A fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì gbìyànjú rẹ̀. Ibo ló ti máa ń bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ọrùn ni. Wọ́n á fà á gùn, wọ́n á fi í sílẹ̀ tààrà, ó di àgùnfọn. Ẹ jẹ́ kí orí kọ́kọ́ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ọrùn tẹ̀ lé e, kí èjìká dà sílẹ̀. Kí gígùn ojú, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, tó ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo láti irun ojú kan wá sí ìsàlẹ̀ imú, kí ọwọ́ má gbéra. Ọ̀dà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́. Bó bá nípọn, á bo ìlà mọ́lẹ̀. Ihò ojú méjèèjì ló kẹ́yìn, ẹ fi àwọ̀ kan dí i. Kì í ṣe gbogbo àwòrán rẹ̀ ni ojú ti ṣófo o: nínú èyí tó yà ti Léopold Survage, ayàwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló dí.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn ọ̀mọ̀wé ń dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Ní 1984, wọ́n fa orí òkúta mẹ́ta jáde nínú odò-àgbẹ́ ní Livorno, àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì ní tirẹ̀ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló fi ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń lu ògiri gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn.