Kíláàsì kan náà, olùkọ́ kan náà: kí ló dé tí ìwé kíkà àwọn ọmọ ò dọ́gba?

Ìbéèrè: Ọmọ mi wà ní kíláàsì kẹrin níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé já geere, òun ò lè ka ìlà kan tán. Ṣé olódo ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìwé ti le fún ọmọ kan kọ́ ló ti le fún èkejì. Ẹ kọ "àgbàdo" síwájú wọn. Ọ̀kan á pe g lọ́tọ̀, á pe b lọ́tọ̀, torí kò tíì mọ̀ pé lẹ́tà kan ni gb nínú ábídí wa. Èkejì á pe "à", "gbà", "do", kò ní lè so wọ́n pọ̀. Ẹ̀kẹta á ka odidi ojú ewé. Ẹ bi í pé kí ló kà, á kàn máa wò yín ni. Ti ẹlòmíràn, ojú ni kò ríran dé pátákó. Báwo ni ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ṣe fẹ́ tó gbogbo wọn?

Kíkà alápapọ̀ ló máa ń bo èyí mọ́lẹ̀. Olùkọ́ á ní "ó tún di ẹ̀ẹ̀kan sí i", gbogbo kíláàsì á ké e, ẹni tí kò mọ lẹ́tà kankan á bá wọn ké e.

Ìbéèrè: Ṣé olùkọ́ kan lè wá máa kọ́ àádọ́ta ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ìdáhùn: Kò lè ṣe é. Gbígbọ́ ló máa gbọ́ ìwé kíkà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, á wá pín wọn sí ẹgbẹ́ bí kálukú ṣe lè kà tó. Bí àjọ Pratham ṣe ń ṣe é ní Íńdíà nìyẹn: ẹni tó mọ lẹ́tà, ẹni tó lè ka ọ̀rọ̀, ẹni tó lè ka ìpínrọ̀, ẹni tó lè ka ìtàn, kálukú pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀, ọmọ kíláàsì kẹta ì báà jókòó ti ti ìkarùn-ún. Ẹ̀rù kan ló ń bà mí níbẹ̀: bí wọn ò bá tún ọmọ gbọ́ láìpẹ́ kí wọ́n sì gbé e kúrò, ìjókòó yẹn á di orúkọ mọ́ ọn lára.

Ìbéèrè: Èdè wo ni kí wọ́n fi kọ́ wọn, Yorùbá ni àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Ìdáhùn: Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò níbí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tí ọmọ ń sọ nílé ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ọmọ Haúsá ní Sábó, kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Haúsá jókòó tì í.