Kí Wọ́n Tó Kọ́lé sí Oríta: Bí Koban Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Japan

Ẹni tó bá ti ibùdó rélùwéè jáde sí ìgboro Tokyo kì í rìn jìnnà kó tó rí ilé kékeré kan tí iná pupa wà lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Yàrá iwájú rẹ̀ kò tóbi: tábìlì kan, àga méjì tàbí mẹ́ta, àwòrán ilẹ̀ àdúgbò lára ògiri, ọlọ́pàá kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Pátákó kan wà níta tí wọ́n ń pààrọ̀ nọ́ńbà ara rẹ̀ lójoojúmọ́: iye ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa nílùú lánàá, iye ẹni tó fara pa. Àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ a máa fẹ̀gbẹ́ ojú wò ó bí ẹni ń wo aago.

Koban ni wọ́n ń pe ilé náà. "Ko" jẹ mọ́ pàṣípààrọ̀, "ban" sì ni ìṣọ́: lágbájá dúró, àsìkò rẹ̀ pé, làkásègbè wá gbà á. Ẹ ò rí i pé kò sí "ilé" nínú orúkọ yẹn. Nígbà tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀, kò sí ilé kankan.

Edo ni Tokyo ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tí àwọn shogun, ìyẹn àwọn olórí ogun, ń ṣèjọba. Láàrin ọ̀rúndún kejìdínlógún, èèyàn ibẹ̀ ti tó mílíọ̀nù kan. Ilé iṣẹ́ méjì péré ló ń bójú tó ọ̀ràn àwọn ará ìlú, ọ̀kan ń jẹ́ ti àríwá, èkejì ń jẹ́ ti gúúsù. Ìjòyè 25 ló wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ tó lé díẹ̀ ní 100. Ẹ ro gbogbo wọn pọ̀, kò ju nǹkan bí 300 lọ. Báwo wá ni ìlú ṣe ń fojú kan oorun?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn àdúgbò ló ń ṣọ́ ara wọn. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á ti ẹnubodè onígi àdúgbò kọ̀ọ̀kan pa. Ẹni tó bá pẹ́ dé á kanlẹ̀kùn, á sọ ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ, kí aṣọ́bodè tó jẹ́ kó gba ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ kọjá. Bó bá ti kọjá tán, aṣọ́bodè á fi igi méjì lu ara wọn, kó, kó, kó, kí ẹnìkejì rẹ̀ ní ẹnubodè tó kàn lè mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀ lọ́nà. Mo fẹ́ràn igi méjì yìí ju gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn náà lọ. Rédíò ọlọ́pàá ni, kí rédíò tó dé.

Owó tí wọ́n ń san fún aṣọ́bodè yìí kò gbé bùkátà, ló bá sọ àgọ́ rẹ̀ di ìsọ̀: bàtà koríko, àbẹ́là, súìtì fáwọn ọmọdé, ọ̀dùnkún yíyan nígbà òtútù. Ilé ìṣọ́ mìíràn wà nítòsí rẹ̀ tí orúkọ tirẹ̀ túmọ̀ sí ìṣọ́ ara ẹni. Àwọn onílé àti àwọn aṣojú wọn ló ń gbà á jókòó níbẹ̀. Àkàbà àti agogo iná wà lórí púpọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, torí igi ni wọ́n fi kọ́ Edo, ẹ̀rù iná sì ń bà wọ́n ju ẹ̀rù olè lọ. Bí wọ́n bá mú afurasí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń dá a dúró sí títí ìjòyè á fi dé.

Àdúgbò àwọn samurai, ìyẹn àwọn jagunjagun onídà, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ohun tó sì bí i kò dára. Àwọn onídà kan a máa lúgọ sí oríta lóru, wọ́n á ṣá ẹni ẹlẹ́ni balẹ̀, nígbà mìíràn torí kí wọ́n lè mọ bí idà ṣe mú tó. Ní 1629, ìjọba ní kí wọ́n gbé ilé ìṣọ́ sí àwọn oríta náà. Ìyẹn ni pé oríta ti jẹ́ ibi ìṣọ́ nílùú yẹn fún ọdún 245 kí koban tó dé.

Ní 1868, àwọn shogun kógbá sílé, Edo di Tokyo. Ní 1871, ìjọba tuntun kó 3,000 ọkùnrin jọ láti máa rìn káàkiri ìgboro. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló wá láti Satsuma, lápá gúúsù, ilẹ̀ àwọn jagunjagun tó ṣáájú nínú ogun tó gba ìjọba. Wọn ò fún wọn ní idà. Ọ̀pá ni wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́, tó gùn tó nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á: ọlọ́pàá pọ́ńbélé, bí èdè wa ṣe pè é gẹ́lẹ́.

Ọmọ Satsuma ni Kawaji Toshiyoshi náà. Ní 1872, wọ́n rán an lọ sí Yúróòpù kó lọ wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ìtàn kan wà nípa ìrìn àjò yẹn tí àwọn ará Japan kò jẹ́ kó kú. Wọ́n ní ìgbẹ́ gbọ̀n ọ́n nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Paris, kò róhun ṣe, ló bá yà á sínú ìwé ìròyìn, ó dì í dáadáa, ó sọ ọ́ gba ojú fèrèsé. Ẹrù náà dọ́wọ́ ọlọ́pàá Faransé, èdè Japan tó wà lára ìwé ló sì tú àṣírí. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lọ́la ni o! Ó padà sílé ní 1873, ètò ọlọ́pàá Paris sì wà lórí rẹ̀ digbí. Ní oṣù kìíní ọdún 1874, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Tokyo sílẹ̀, òun sì ni olórí rẹ̀.

Paris ló fún wọn ní ilé iṣẹ́, aṣọ àti ipò. Oríta kì í ṣe ti Paris. Lọ́dún 1874 yẹn kan náà, wọ́n yan àwọn oríta ńlá, ọlọ́pàá á ti àgọ́ ńlá jáde wá dúró síbẹ̀, tí àkókò rẹ̀ bá pé, ẹlòmíràn á wá rọ́pò rẹ̀. Ìgbà tó yá ni ilé kékeré hù sójú ibẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ibi sá sí lọ́wọ́ òjò. Ní 1881, ìjọba yí orúkọ rẹ̀ padà sí hashutsujo, ibi tí wọ́n rán èèyàn jáde sí. Ìwé ìjọba gbà á, àwọn ará ìgboro ò gbà á. Koban ni wọ́n ń pè é lọ.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kan láti Jámánì, Wilhelm Höhn, dé ní 1885 láti wá kọ́ wọn níṣẹ́. Láti 1888 ni ètò náà tàn dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní abúlé, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni, ilé iṣẹ́ rẹ̀ náà sì ni ilé tí òun, ìyàwó àti àwọn ọmọ ń gbé. Bó bá jáde lọ, ìyàwó ló ń dá àlejò lóhùn.

Ọlọ́pàá àdúgbò a tún máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, á béèrè iye ẹni tó ń gbé ilé, á béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Ojú tó ń ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé fún ọ náà ló ń wo inú yàrá rẹ. Kó tó di pé Ogun Àgbáyé Kejì parí, ìjọba lo ìwé yìí láti mọ ẹni tí èrò ọkàn rẹ̀ kò bá tiwọn mu.

Àwọn tó ń pọ́n koban lé lónìí kì í sábà mẹ́nu kan ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1905. Ogun Japan àti Rọ́ṣíà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àdéhùn àlàáfíà kò tẹ́ àwọn èèyàn lọ́rùn, wọ́n kóra jọ sí ọgbà Hibiya, ọlọ́pàá dí wọn lọ́nà. Ni ìgboro bá gbiná. Kí ó tó rọlẹ̀, èèyàn 17 ti kú, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn koban Tokyo sì ti bàjẹ́. Ọwọ́ wọn kò tó àwọn tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Koban nìkan ló wà níkọ̀rọ̀ gbogbo, tí a fi igi kọ́, tó súnmọ́ wọn.

Lẹ́yìn 1945, àwọn Amẹ́ríkà tú ètò ọlọ́pàá náà palẹ̀, òfin 1954 sì tún un tò sábẹ́ àwọn ìpínlẹ̀. Koban kò kúrò lójú ibẹ̀. Ọlọ́pàá ṣì ń kanlẹ̀kùn, àmọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí káàdì, wọn ò lè fipá mú un. Iṣẹ́ tó wá gbajúmọ̀ jù ni ohun tó sọnù. Ọmọdé á mú owó yẹ́ǹnì mẹ́wàá tó rí he wọlé, ọlọ́pàá á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ohun pàtàkì. Bí olóhun kò bá yọjú láàrin oṣù mẹ́ta, ohun tí èèyàn rí he lè di tirẹ̀. Bó bá yọjú, ẹni tó rí i lè gba láti ìdá 5 sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀.

Singapore wá wò ó, wọ́n ṣí tiwọn ní Toa Payoh ní 1983. Láti 1997 ni wọ́n ti ń kó àwọn ilé kéékèèké náà sábẹ́ àgọ́ tó tóbi jù wọ́n lọ. Ní Japan fúnra rẹ̀, ó di 1994 kí òfin tó gbà pé koban ni orúkọ ilé náà, lẹ́yìn ọdún 113 tí ìjọba ti ń pè é ní nǹkan mìíràn.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 2000, ẹjọ́ tuntun ti dé. Èèyàn á wọ koban, kò ní bá ẹnì kankan. Gbogbo wọn ti jáde lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, tẹlifóònù kan ló kù lórí tábìlì, pẹ̀lú ìwé tó ní kí àlejò gbé e kó pe àgọ́ ńlá. Ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọlọ́pàá tí kò nílé, ó wá di ilé tí kò lọ́lọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì wà lára àwọn tí wọ́n fi dí àlàfo náà. Wọn kì í gbé ìbọn, wọn ò sì ní àṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń júwe ọ̀nà, wọ́n ń gba agboòrùn tó sọnù, wọ́n sì ń jókòó níbẹ̀ kí ẹni tó bá wọlé má bàa bá àga lásán.