Òǹtẹ̀ Ìdí Àwo: Ohun Tó Sọ àti Ohun Tí A Fi Kún Un

Nígbà tí bàbá àgbà papò dà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìkòkò tíì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹbí wa ká. Ìdí-igi mẹ́ta la jẹ́. Ìdí-igi tiwa mú ìkòkò tíì, ife mílíìkì, abọ́ ṣúgà àti tíré tó gbé gbogbo wọn, wọ́n fi ṣéènì wúrà àti ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Wọ́n ní fàdákà gidi làwọn mú, ti Ìlú Ọba. Bùrọ̀dá àgbà dojú ìkòkò náà dé níwájú gbogbo wa, ó nawọ́ sí lẹ́tà mẹ́rin nídìí rẹ̀. Wọ́n fi ìlà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká bíi férémù fọ́tò. Ó ní, “Ẹ ò rí i? Òǹtẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ parí.

Ó pẹ́ kó tó di pé owó iléèwé ọmọ ká ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ́, ló bá di ẹrù náà, ó gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan. Èmi náà tẹ̀ lé e. Bàbá yẹn ò tíì wo ìdí ìkòkò tó fi wo etí rẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò máa ń tẹ̀ téèyàn bá fẹ́ da tíì. Ojú ibẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, kò funfun bí ara tó kù. Ẹ̀yìn ìyẹn ló yí i dé, tó ka lẹ́tà mẹ́rin ọ̀hún: E, P, N, S. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Fàdákà ò sí nínú ẹ̀, awọ ara ẹ̀ lásán ni.” Ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe gbilẹ̀ tó l'Ékòó, pé ohun tí wọ́n bá kọ sídìí àwo, ife tàbí ìkòkò ló ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é àti iye ọdún tó ti lò láyé. Ó wà lẹ́nu àwọn tó ń tajà ní Jáńkárà, ó wà lẹ́nu àwọn ẹbí Àgùdà àti Sàró tó ṣì ní kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn. Òǹtẹ̀ kì í sábà parọ́. A kàn ń gbọ́ ohun tí kò sọ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà mẹ́rin yẹn, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ìtumọ̀ E, P, N, S (“electroplated nickel silver”) ni pé “nickel silver” ni ara ohun náà, iná mànàmáná ni wọ́n sì fi lẹ fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn. “Nickel silver” fúnra rẹ̀ kò ní ẹyọ fàdákà kan nínú. Bàbà, síńkì àti níkẹ̀lì ni wọ́n yọ́ pọ̀. Wọ́n pè é ní “silver” nítorí àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Òun náà ni wọ́n ń pè ní “German silver”, òun náà ni “alpaca” tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́yìn ṣíbí. Ilé iṣẹ́ Elkington ní Birmingham ló gba ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ fífi iná lẹ fàdákà yìí lọ́dún 1840, láti ìgbà náà sì ni ẹni tí kò lówó fàdákà gidi ti lè ra ohun tó ń dán bíi tirẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n fi férémù yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ká: bí òǹtẹ̀ fàdákà gidi ṣe rí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí A1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí fàdákà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ṣe nípọn tó ló ń sọ, kò sọ pé fàdákà ni gbogbo rẹ̀.

Fàdákà gidi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé kìnnìún tó ń rìn, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè. Àmì yẹn ti wà láti 1544. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àmì ìlú tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò: orí àmọ̀tẹ́kùn fún Lọ́ńdọ̀nù, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi fún Birmingham, adé fún Sheffield títí di 1975. Lẹ́tà kan sì tún wà tó ń yí padà lọ́dọọdún, òun ló ń sọ ọdún gan-an. Nọ́ńbà 925 túmọ̀ sí pé nínú ìwọ̀n 1000, 925 jẹ́ fàdákà. Ti Potogí lè gbé 833, ti Jámánì 800. Ẹni tó bá jogún lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà wá, kó má retí kìnnìún rárá, torí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ṣe tiwọn.

Àwọn kan á ní, “Mo ti fi irin òòfà dán an wò, kò gbá a mú, fàdákà ni.” Òòfà kì í gbá fàdákà mú lóòótọ́, àmọ́ kì í gbá idẹ mú, kì í gbá bàbà mú, kì í sì í sábà gbá “nickel silver” mú. Ohun kan ṣoṣo tí òòfà lè sọ fún yín ni pé irin wà níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú, torí ó ń dùn mí. Ìgbàgbọ́ pé fàdákà gidi ni ló ń mú kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń fi eérú àti òroǹbó wẹ́wẹ́ ha ìkòkò tíì bàbá àgbà. Awọ fàdákà tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè fara da iyanrìn tàbí eérú fún ogójì ọdún. Bí ẹ bá ṣe ń ha á lẹ̀ ń ha á dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwo idẹ àtijọ́: àwọ̀ dúdú-dúdú tó ràn mọ́ inú ọnà rẹ̀ wà lára ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ń wá. Tẹ́ ẹ bá ti bó o, kò ṣeé dá padà.

Ní ti àwo tánganran, nọ́ńbà ọdún ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà. Ní Jáńkárà, ẹnì kan yí àwo pẹrẹsẹ kan fún mi wò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, 1748 rèé o, ẹ wò ó fúnra yín.” Òótọ́ ni, 1748 wà níbẹ̀. Villeroy & Boch ni orúkọ tó wà lókè rẹ̀, ọdún tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ sì ni 1748. Bẹ́ẹ̀ ni 1759 ṣe rí lábẹ́ orúkọ Wedgwood. Lábẹ́ 1748 yẹn gan-an, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé àwo náà ṣeé gbé sínú máíkírówéèfù. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni máíkírówéèfù ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Mo fi han ẹni tó ń tà á. Ó wò ó pẹ́, kò bínú, ó gbé àwo náà sílẹ̀.

Àwo Ṣáínà aláró náà ń kọ́? Orúkọ ọba tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ìgbà ọba náà ni wọ́n ṣe é. Àwọn amọ̀kòkò Ṣáínà máa ń kọ orúkọ ọba àtijọ́ láti fi bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ìgbà rẹ̀. Ní sáà Kangxi, tó jọba láti 1661 sí 1722, wọ́n ń kọ orúkọ Chenghua, ẹni tó ti kú láti 1487. Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ Kangxi alára ni wọ́n ń kọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ láti kà nídìí àwo ni orúkọ orílẹ̀-èdè, torí orílẹ̀-èdè ń bí, ó sì ń kú. Òfin owó ibodè tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1890, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1891, ló ní kí wọ́n máa kọ orúkọ ilẹ̀ tí ọjà tó ń wọ ibẹ̀ ti wá sára rẹ̀. Nítorí náà, àwo tó bá gbé “England” sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà yẹn, “Made in England” sì sábà máa ń kéré lọ́jọ́ orí sí i. “Nippon” jẹ́ ti 1891 sí 1921, kí wọ́n tó máa kọ “Japan”. Abọ́ tàbí gíláàsì tó bá gbé “Czechoslovakia” kò lè ṣáájú 1918, torí orílẹ̀-èdè náà kò sí nígbà yẹn. “West Germany” kò lè ṣáájú 1949.

Bí ìdí bá mọ́ láìsí òǹtẹ̀ rárá, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwo tó ń kan tábìlì. Bí àwo bá ti pẹ́, ibẹ̀ á ti jẹ, èérí á sì ti wọnú rẹ̀ láìdọ́gba, nítorí ọdún kì í jẹ nǹkan lọ́gbọọgba. Ẹ yí ife gíláàsì tàbí ìgò dé. Bí ẹ bá rí àpá kan láàárín ìdí rẹ̀ tó dà bí ìdodo ọmọ, ibẹ̀ ni ọ̀pá oníṣẹ́ gíláàsì ti ya kúrò. Ọwọ́ ló ṣe é. Ní ti ìgò ṣìnáàpù oníhà mẹ́rin tó pọ̀ nílé àwọn àgbà wa, ẹ fi èékánná tọ ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sókè. Bó bá gba ẹnu ìgò kọjá, ẹ̀rọ ló ṣe é pátápátá, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1903.

Gbogbo èyí jẹ́ fún ẹrù òkè òkun. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, bí ère idẹ tàbí amọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, òfin Nàìjíríà kà á sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì ṣeé gbé jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí iye owó.

Ìkòkò tíì yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Sùúrùlérè. Kò tà á. Omi ọṣẹ lọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ rírọ̀ ló fi ń fọ̀ ọ́ báyìí, eérú ò kàn án mọ́. Ojú ibi tó pọ́n lára etí rẹ̀ yẹn, àtàǹpàkò bàbá àgbà ló jẹ ẹ́. Ibẹ̀ lèmi náà máa ń tẹ̀ tí mo bá fẹ́ da tíì.