Bí owó yín ṣe ń rìn ni kí ẹ fi yan àkáǹtì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní báńkì kan n'Íbàdàn. Mo kọ́kọ́ jókòó sídìí kántà, lẹ́yìn náà wọ́n gbé mi lọ sídìí tábìlì tí àwọn oníbàárà ti ń fẹjọ́ sùn. Nígbà tí èèyàn bá fẹ́ ṣí àkáǹtì ìfowópamọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sẹ́fíǹsì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Èló ni èlé yín?" Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ara yín ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi: báwo ni owó mi ṣe ń wọlé, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sì ń yọ ọ́ lóṣù?

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti pàṣẹ pé èlé orí sẹ́fíǹsì kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní MPR. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n gbé òṣùwọ̀n náà sórí 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìdá 30 nínú 27 jẹ́ 8.1. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yẹn, ẹni tó bá fi ₦200,000 sílẹ̀ lódindi ọdún kan yóò rí ₦16,200, kí wọ́n tó yọ owó orí ìjọba tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá èlé náà. Owó ọjà ń sáré ju ìyẹn lọ, nítorí náà mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé sẹ́fíǹsì yóò sọ ọ́ dolówó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú owó síbi tí ọwọ́ yín ti lè tètè tó o.

Ohun kan wà tí a kì í sábà sọ fún yín nídìí kántà. Bí ẹ bá yọ owó ju ìgbà mẹ́rin lọ nínú oṣù kan, èlé oṣù náà lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn tí mo rí tí wọ́n ń bínú pé báńkì jẹ èlé wọn pọ̀, nígbà tí a bá sì yẹ àkáǹtì wọn wò, a ó rí i pé wọ́n ti yọ owó níbẹ̀ ní ìgbà ogún. Ẹ bi báńkì yín léèrè bí wọ́n ṣe ń ka owó tí ẹ ná lórí POS àti èyí tí ẹ fi fóònù ránṣẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba àwọn oníṣòwò nímọ̀ràn pé kí wọ́n ní àkáǹtì méjì. Ọ̀kan á jẹ́ ti owó tó ń lọ tó ń bọ̀, níbi tí oníbàárà yóò máa san owó ọjà sí. Èkejì kò ní káàdì rárá, bó bá ṣeé ṣe. Níbẹ̀ ni ẹ ó máa fi èyí tí ẹ fẹ́ pa mọ́ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹ ṣe ń san àjọ fún alájọ. Bí kò bá sí káàdì, kò ní sí ₦50 tí wọ́n ń yọ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ìtọ́jú káàdì sẹ́fíǹsì, ọwọ́ yín kò sì ní máa yá láti yọ owó.

Ní ti àwọn owó tí báńkì ń yọ, ẹ mọ èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Owó ìtọ́jú àkáǹtì, tó lè tó náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, ti àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì ni, ìyẹn àkáǹtì tí àwọn oníṣòwò sábà ń lò fún owó tó ń wọlé tó ń jáde. Bí ẹ bá rí i lórí sẹ́fíǹsì yín, ẹ lọ gba owó yín padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025, ẹni tó bá lo ATM báńkì míràn ń san ₦100 lórí ₦20,000 kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ náà kò bá sí nínú ọgbà báńkì, wọ́n tún lè fi tó ₦500 kún un. ATM báńkì tiyín kò gba kọ́bọ̀. Ẹ wo àyíká yín dáadáa: báńkì tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́bàá ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù yín lè sàn fún yín ju báńkì tó fi èlé díẹ̀ lé tirẹ̀ lọ.

Ohun tó kan lẹ́yìn ìyẹn ni ààbò. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ kúrò lọ́wọ́ Heritage Bank, báńkì náà sì kógbá sílé. Ohun tó gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀ ni àjọ NDIC tó ń dójútòfò owó tí aráàlú fi sí báńkì. Oṣù tó ṣáájú ìyẹn gan-an ni wọ́n gbé iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san fún ẹnì kan kúrò ní ₦500,000 sí ₦5,000,000 ní báńkì ńlá. Ti báńkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní maikirofáínáǹsì kúrò ní ₦200,000, ó di ₦2,000,000. Orí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo tó so gbogbo àkáǹtì èèyàn pọ̀, ni wọ́n gbà rí àkáǹtì míràn tí ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà Heritage ní, ibẹ̀ ni wọ́n sì san owó sí fún wọn. Ẹ rí i dájú pé orúkọ yín àti ọjọ́ ìbí yín bára mu lórí BVN, NIN àti àkáǹtì yín. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń fowó pamọ́, ẹ bi wọ́n pé ta ló ní ìwé àṣẹ, ṣé NDIC sì dójútòfò owó náà. Mo fẹ́ràn àjọ, ìyá mi fi àjọ rán wa lọ sílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò sí NDIC tó ń sanwó fún ẹni tí alájọ rẹ̀ bá sá lọ.

Kí ẹ tó wá kó owó ńlá lọ sí báńkì kankan, ẹ dán ìwà wọn wò. Ẹ fi owó díẹ̀ ṣí àkáǹtì. Ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ẹ béèrè ohun kan. Ẹ pe nọ́ńbà wọn lálẹ́. Ẹ kọ ímeèlì kékeré kan sí wọn, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọn yóò fèsì. Báńkì tí kò dá yín lóhùn nígbà tí ẹ kàn ń béèrè ọ̀rọ̀, ẹ rò ó wò bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ tí owó yín bá há.

Mi ò lè gbàgbé ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Ó lo ATM báńkì míràn, ẹ̀rọ kò gbé owó jáde, wọ́n sì yọ ₦20,000 nínú àkáǹtì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wá sí ẹ̀ka wa kó tó dé iwájú mi. Ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní yàtọ̀ sí ti ọjọ́ kejì, kò sì sí èyí tó kọ nǹkan kan sílẹ̀ nínú wọn. "Ìyá, ẹ lọ ná, owó yín máa wọlé," ni wọ́n ń sọ fún un. Nígbà tó jókòó síwájú mi, kò pariwo mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ ẹnì kankan níbí ni. Ká ní mo mọ èèyàn ni, wọn ì bá ti dá mi lóhùn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí dòní, nítorí pé kò yẹ kí èèyàn mọ ẹnikẹ́ni kó tó gba owó ara rẹ̀. Áléètì náà wà lórí fóònù ọmọ rẹ̀. A kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀, ó sì rí owó rẹ̀ gbà lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí mo mọ̀ láti inú báńkì ni pé ẹjọ́ tí ẹ fẹnu rò nídìí kántà kò sí nínú ìwé kankan. Bí ẹ bá ti jáde, ó ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó bá ní nọ́ńbà, báńkì gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Báńkì Àpapọ̀, ọ̀gá kan yóò sì béèrè ìdí tí kò fi tíì parí. Láàárín wákàtí 24 ló yẹ kí wọ́n ti fún yín ní nọ́ńbà náà. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbà á.

Ohun tí ẹ máa kọ kò gùn. Ọmọ yín lè bá yín fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó ní gbogbo èyí nínú: "Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo lo káàdì mi lórí ATM báńkì míràn tó wà lẹ́nu ọjà Bódìjà. ₦20,000 ni mo fẹ́ gbà. Ẹ̀rọ kò gbé owó jáde, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó náà nínú àkáǹtì mi. Àwòrán áléètì náà rèé. Mo fẹ́ kí ẹ dá a padà láàárín wákàtí 48, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Báńkì Àpapọ̀, kí ẹ sì fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn mi."

Wákàtí 48 yẹn kì í ṣe àlá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni ìlànà náà ti wà. Bó bá jẹ́ ATM báńkì yín fúnra rẹ̀ ni, ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kí owó padà, bí kò bá sì padà, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Ti báńkì míràn jẹ́ wákàtí 48. Ti POS àti ti íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ wákàtí 72.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má bú ọmọ tó wà nídìí kántà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní àṣẹ láti dá kọ́bọ̀ padà. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ inú ẹ̀ka yẹn lẹ fẹ́ rí, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú ẹ̀sùn yín, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka Báńkì Àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Ímeèlì wọn ni cpd@cbn.gov.ng. Ẹni tí kò bá lè kọ ímeèlì lè mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì Báńkì Àpapọ̀ tó bá sún mọ́ ọn: ó wà n'Íbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì àti Èkó. Ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ béèrè ni ẹ̀rí pé ẹ ti bá báńkì yín sọ ọ́. Nọ́ńbà tí mo ní kí ẹ gbà yẹn ni ẹ̀rí náà.

Ọ̀rọ̀ olè yàtọ̀ o. Bí ẹ bá rí i pé ẹnì kan ń kó owó yín lọ, ẹ má dúró kọ ìwé kankan. Ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì sí òṣìṣẹ́ báńkì tó gbọdọ̀ béèrè PIN yín, tó fi mọ́ èmi náà nígbà tí mo wà níbẹ̀.

Bí báńkì kan bá ti sú yín, ẹ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kàn pa àkáǹtì náà tì. Ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ owó yín, ẹ yọ gbogbo owó tó kù, ẹ ní kí wọ́n tì í, kí ẹ sì gé káàdì rẹ̀. Àkáǹtì tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún kan, wọn yóò kà á sí èyí tó ti sùn. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2024, bó bá pé ọdún mẹ́wàá, owó inú rẹ̀ yóò lọ sọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ fún ìtọ́jú. Owó náà kò sọnù: ẹni tó ni ín, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ bó bá ti kú, lè lọ béèrè rẹ̀ nígbàkúùgbà ní báńkì tó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí èyí tó sùn bá sì wà nílé yín lónìí, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín lọ síbẹ̀ kí wọ́n jí i. Wọn kò gbọdọ̀ gba owó kankan lọ́wọ́ yín fún un.