Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táǹkì epo Peugeot 504 àtijọ́ ní Àjàṣẹ́

Ọdún 1968 ni Peugeot 504 kọ́kọ́ jáde. Dahomey ni Benin ṣì ń jẹ́ nígbà náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ yìí wà lára àwọn tó ń kó èrò àti ẹrù láti Àjàṣẹ́ lọ sí Sàkẹ́tẹ́, Ìpóbẹ̀ àti Kétu. (Àjàṣẹ́ ẹ̀bá ọ̀sà, Porto-Novo, là ń wí o, a ò dé Àjàṣẹ́-Ìpo.) Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣeé tú, ó ṣeé tò. Táǹkì epo rẹ̀ ni kò ní irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀. Páànù irin ni, inú lọ́hùn-ún sì ni ó ti sábà máa ń bàjẹ́.

Ibi tí epo bò mọ́lẹ̀ kọ́ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ṣófo lókè epo ni. Bí ọkọ̀ bá dúró pẹ̀lú ààbọ̀ táǹkì, oòrùn ọ̀sán á mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbòòrò, díẹ̀ á sì tú jáde. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí ara irin tutù, táǹkì á fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, èyí tó ń bọ̀ láti orí ọ̀sà tí ọ̀rinrin kún inú rẹ̀. Ọ̀rinrin náà á sẹ̀ sára páànù bí ìrì, á ṣàn wálẹ̀. Omi wúwo ju epo bẹntiróòlù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń lọ jókòó sí. Ọ̀pọ̀ táǹkì ayé ìgbà yẹn ni wọ́n fi àdàlù òjé àti tánńganran bò nínú kí irin má baà dípẹtà, ṣùgbọ́n bí àdàlù náà bá ti ṣí níbì kan, ó parí.

Kpayo, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, náà ní ìpín tirẹ̀. Epo tó ti ojú títì wá, láti inú ìgò, ṣágo àti kẹ́ẹ̀gì, àrọ àti aṣọ ni wọ́n fi ń dà á sínú ọkọ̀. Aṣọ á dá iyanrìn dúró, omi á kọjá. Síbẹ̀, kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru oníkpayo. Ọkọ̀ tó mu epo ilé epo, tí wọ́n wá gbé kalẹ̀ lóṣù mẹ́fà láìwà á, yóò dípẹtà bákan náà.

Àmì rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọkọ̀ á gbéra láti Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ dáadáa, á mú eré lójú ọ̀nà Sàkẹ́tẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á kú. Awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ̀ á tún jí. Kabúrétọ̀ (ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) mélòó ni wọn kò tíì torí èyí pààrọ̀! Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé páǹpù ń fa ẹ̀rún ìpẹtà mọ́ ẹnu páìpù tó ń gbé epo jáde, ibẹ̀ á dí. Tí ẹ́ńjìnì bá kú, tí páǹpù kò fà mọ́, ẹ̀rún náà á já bọ́. Bí fíltà bá pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, ọ̀rọ̀ ti yé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí ìdérí táǹkì tó dún "ṣìììì", ojú ibi tó fi ń mí ló dí, kò nílò ju kí wọ́n là á.

Táǹkì tó ń jò díẹ̀ ni wọ́n ń fi ọṣẹ ìfọṣọ dí. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, nítorí epo kò lè yọ́ ọṣẹ, àmọ́ kí ọkọ̀ lè dé ilé mẹkáníìkì nìkan ni. Kí wọ́n gbé e lọ fún oníwẹ́dà kó jó o ni ewu. Ọ̀pọ̀ gbàgbọ́ pé táǹkì tó ti gbẹ kò lè ṣe nǹkan. Òun gan-an ló ń pani. Epo tó wà ní olómi kọ́ ló ń bú gbàmù, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀ ni, bí ó bá sì ti wà láàárín nǹkan bí 1.4 sí 7.6 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, ìtapàrà iná kan ti tó. Epo máa ń sá pamọ́ sí ojú oríkèé páànù àti abẹ́ ìpẹtà, ooru iná wẹ́dà á wá fà á jáde, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ fi sàn ju jíjó lọ.

Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ilẹ̀ ló ń fà tìkọ̀tìkọ̀ lọ, nítorí náà kòtò mẹkáníìkì kò dára fún iṣẹ́ yìí, ẹni tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà sì gbọ́dọ̀ paná ná. Wọ́n á yọ okùn bátìrì, wọ́n á fi páǹpù ọwọ́ fa epo tó ṣẹ́kù. Ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń fà á; epo tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni họ́ọ̀sì àti wáyà géèjì tó ń fi ìwọ̀n epo hàn á tú. Bóòlùtù tó mú táǹkì dúró yóò ti gan. Epo ìtúbóòlùtù àti sùúrù alẹ́ kan ló ń tú u. Jáàkì pẹ̀lú pákó lábẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Táǹkì tòkunbọ̀ tí wọ́n máa rà gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ mu. Ti ọkọ̀ ilé kì í ṣe ti familiale (oníjókòó ìlà mẹ́ta), bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti bâchée (akẹ́rù tí wọ́n ń fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀). Èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń lo injection, tó ń fín epo dípò kabúrétọ̀, ní páìpù kejì tó ń dá epo padà, ti oníkabúrétọ̀ lè má ní in. Kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì bátìrì wò ó nínú kí owó tó jáde. Họ́ọ̀sì tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ ti epo, nítorí epo á sọ ti omi di jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀kan wà tó ń da ọ̀gá láàmú: wọ́n ti kun táǹkì dáadáa, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ abẹ́ rẹ̀, ohun gbogbo mọ́, géèjì kò sì sọ̀rọ̀. Ọ̀dà àti rọ́bà ti dínà iná tó yẹ kó padà sára ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní áàtì. Wáyà kékeré kan láti ara táǹkì sí ara bọ́dì ló ń yanjú rẹ̀.

Lítà 5 ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà sínú rẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ gbígbẹ kan gbogbo ojú ìsopọ̀ wò. Tí kò bá jò, kí wọ́n kún un. Ẹ́ńjìnì lè pẹ́ kó tó jí, nítorí afẹ́fẹ́ ni páǹpù á kọ́kọ́ fà.

Ó wá ku táǹkì àtijọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ á fẹ́ fi ṣe ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń se tíì. Omi ni kí wọ́n rọ kún inú rẹ̀ dé ẹnu kí onírin àlòkù tó dé.