Bí àwọn ìyá tó ń kó ọ́yísítà ní Banjul ṣe gba àṣẹ lórí omi wọn

Ó ń dùn mí pé àwa tá à ń gbé létí ọ̀sà níbí ò gbọ́ nípa TRY tó, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń kó ọ́yísítà (ẹran omi tó ń gbé inú ìkarahun) ní Gambia, torí náà ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Banjul, olú ìlú wọn, orí erékùṣù ló wà. Ìlú yẹn náà làwọn Aku wà o, àwọn ọmọ-ọmọ èèyàn wa tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n kọ́kọ́ kó lọ sí Sàró. Téèyàn bá ń jáde nílùú, Denton Bridge ló máa gbà, Oyster Creek sì lorúkọ omi tó ń kọjá lábẹ́ ẹ̀, ẹ rí i pé iṣẹ́ yìí ti pẹ́ níbẹ̀. Àgbègbè yẹn ni Tanbi wà, igbó mangrove, igi etí omi tí gbòǹgbò ẹ̀ máa ń yọ síta, tó tó nǹkan bíi 6,000 hẹ́kítà, odò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní bolong ló la inú ẹ̀ kọjá.

Obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ ọ́yísítà níbẹ̀, ẹ̀yà Jola lọ̀pọ̀ wọn. Tí omi bá ti fà wọ́n á wa ọkọ̀ onígi wọn wọ inú bolong, torí ara gbòǹgbò mangrove ni ọ́yísítà yẹn ń lẹ̀ mọ́, ìkarahun ẹ̀ sì mú bí abẹ, ó máa ń ya wọ́n lọ́wọ́ ya wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n á gbé e délé, wọ́n á sè é, wọ́n á yọ ẹran inú ẹ̀, wọ́n á wá lọ jókòó sẹ́bàá títì máa fi ife wọ̀n ọ́n tà. Gbogbo wàhálà yìí, owó táṣẹ́rẹ́ ni, torí kálukú ló ń dá tà, tí oníbàárà bá dúró wọ́n á máa dín owó ọjà kù kí wọ́n lè gbà á mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ibi tó wá burú sí ni pé ohun tí ọ́yísítà ń dì mú gan-an ló ń tán lọ. Ọ̀dá tó jà láwọn ọdún 1970 àti 1980 ti pa mangrove púpọ̀ lágbègbè yẹn, àwọn tó ń yan ẹja ń gé e dáná, àwọn míì tó ń kó ọ́yísítà náà á kúkú gé gbòǹgbò lódindi torí ó yá ju kí wọ́n máa họ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Gbòǹgbò tí wọ́n bá sì ti gé, ọmọ ọ́yísítà tó ń bọ̀ ò ríbi dúró mọ́ nìyẹn.

Ọdún 2007 ni Fatou Janha Mboob kó àwọn obìnrin kan jọ ní Old Jeshwang. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ká pawọ́ pọ̀ tà, ká ṣe é kó mọ́ tónítóní, ká máa fowó pa mọ́. Obìnrin tí ò tíì mọ ohun tọ́mọ máa jẹ lọ́la, báwo lẹ ṣe fẹ́ ní kó fi odò sílẹ̀ kó sinmi? Ìgbà tọ́wọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká owó ni wọ́n wá ráyè sọ̀rọ̀ omi, ẹgbẹ́ ọ̀hún sì tàn dé abúlé 15, ó lé ní 500 obìnrin.

Àwọn fúnra wọn ló jókòó ṣòfin: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gé gbòǹgbò mọ́, èyí tó bá kéré kí wọ́n fi sílẹ̀ kó dàgbà, wọ́n sì fi kún oṣù tí wọn ò ní kó ọ́yísítà rárá. Wọ́n gbin mangrove síbi tó ti ṣí sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Rhode Island ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tó sì di 2012 ìjọba fọwọ́ sí i, wọ́n gbé àṣẹ ọ́yísítà àti cockle (ẹran omi oníkarahun míì) Tanbi lé àwọn obìnrin yẹn lọ́wọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí ta ló máa tọ́jú odò tí àjèjì lè wọ̀ lọ́jọ́ kejì kó gbogbo ẹ̀ lọ? Ọdún yẹn náà ni wọ́n gba Equator Prize, ẹ̀bùn tí àjọ UN ń fún àwọn ará ìlú tó ń tọ́jú àyíká wọn.

Èyí tó le jù báyìí ni àsìkò tí wọ́n bá ti omi pa, torí láàárín oṣù March sí June nìkan ni wọ́n fi ń kó o. Torí ẹ̀ ni ẹgbẹ́ fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin wọn níṣẹ́ ọwọ́, bíi aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè, ìkarahun pàápàá wọn kì í dà á nù, wọ́n ń sun ún di ẹfun tí wọ́n fi ń kun ilé.