Ẹ̀yìn fíríísà gbóná: òfin ooru ò bá ẹfolúṣọ̀n jà

Ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ra àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún lọ́jọ́ náà, la bá yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá oníyìnyín kan kí ẹja má bàa rà lọ́nà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n tún ti gbé ọ̀rọ̀ tá a ti ń fà látinú ọkọ̀ dìde, pé sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ló sọ ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀kọ́ pé ohun abẹ̀mí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran títí tó fi di oríṣi míì, dirọ́.

"Òfin kejì thermodynamics, òfin ooru yẹn, ṣó o mọ̀ ọ́n? Ohun gbogbo ló ń bàjẹ́. Aṣọ ń gbó, ọkọ̀ ojú omi ń jẹrà, ẹja tá a rà yìí ò ní í pẹ́ rà. Báwo wá ni kòkòrò tójú ò rí ṣe máa di ẹja, kí ẹja tún di ẹran orí ilẹ̀?"

Mo ti rí i lórí WhatsApp, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù. Ó máa ń wọni létí torí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Òfin náà wà lóòótọ́. Rudolf Clausius, onímọ̀ físíìsì ọmọ Jámánì, ló là á sílẹ̀ ní 1850 pé ooru kì í dá gbéra kúrò lára ohun tútù lọ bá ohun gbígbóná. Ní 1865, ó fún òṣùwọ̀n tá a fi ń mọ bí agbára ṣe fọ́n ká tó lórúkọ: ẹ́ńtírọ́pì. Nínú ohun tá a bá sé pa pátápátá, tí ooru, ìmọ́lẹ̀ tàbí ohunkóhun ò lè wọlé tàbí jáde, ẹ́ńtírọ́pì kì í dín kù. "Tá a bá sé pa" yẹn ni wọ́n máa ń gbé mì.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn fíríísà. Ó fọwọ́ fà sẹ́yìn kíá.

Omi inú ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀, gbogbo èérún rẹ̀ ló ń rìn gbéregbère tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dì, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ́ńtírọ́pì omi yẹn dín kù, kò sì sẹ́ni tó fọlọ́pàá mú ìyá oníyìnyín pé ó rú òfin. Kílò omi kan tó ti tutù dé 0°C ní láti tú ooru tó tó kílójúùlù 334 sílẹ̀ kó tó dì. Ẹ̀yìn ni ooru náà gbà jáde, pẹ̀lú èyí tí kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú kí fíríísà lè ti ooru síta, dá kún un. Ètò tó wọnú ọ̀rá ò tó ìfọ́nká tó bọ́ síta.

Ayé náà kì í ṣe ohun tá a sé pa. Ojú oòrùn gbóná tó nǹkan bí 5,500°C. Agbára tó ń tibẹ̀ wọlé, ayé ń dá iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o padà sí òfuurufú, àmọ́ bí ooru tójú ò rí, irú èyí tó ń jáde lára ohun tó tutù tó 18°C nísàlẹ̀ òdo. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan á wọlé, nǹkan bí ẹyọ 20 tí kò lágbára tó o á jáde. Àfi bíi pé wọ́n fún wa ní ₦1,000 kan, tá a ṣẹ́ ẹ sí ₦50 lọ́nà 20 ká tó dá a padà. Owó ò dín, ó kàn fọ́n ni. Inú owó ṣíṣẹ́ yẹn ni ewé, ẹja àtèèyàn ti ń jẹun. Ludwig Boltzmann, onímọ̀ físíìsì tó mọ òfin yìí bí ẹni mowó, ti sọ ohun tó jọ èyí ní Vienna ní 1886, olólùfẹ́ iṣẹ́ Darwin, ẹni tó kọ̀wé lórí ẹfolúṣọ̀n, sì ni.

"Oòrùn kan náà ló ń ba ẹja jẹ́," ẹ̀gbọ́n fèsì. "Gbé omi sóòrùn, ṣé á di yìnyín?"

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Agbára lásán ò tó, ó gbọ́dọ̀ rí ohun tó máa lò ó. Fíríísà ní kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀. Ẹfolúṣọ̀n ní ìbímọ: abo àrọ̀ á yé ẹyin lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, àwọn ọmọ ò ní í rí bákan náà délẹ̀, ọ̀pọ̀ á kú kí wọ́n tó bí, àwọn tí ìyàtọ̀ ara wọn bá ibi tí wọ́n wà mu á fi í sílẹ̀ fọ́mọ. Èwo ni òfin ooru dí lọ́wọ́ níbẹ̀? Àṣìṣe tó ń wọnú DNA, ìlànà àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń dà á kọ, òfin náà gan-an ló ní ká máa retí ẹ.

Ẹyin adìyẹ tiẹ̀ yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ 21, pupa àti funfun inú rẹ̀ di ojú, ìyẹ́ àti ẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín ìyá àti ọmọ ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Bí òfin kan bá máa dènà ẹfolúṣọ̀n, ẹyin ni ì bá kọ́kọ́ dá dúró.

Ẹ̀gbọ́n ní ìlànà ti wà nínú ẹyin tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ó ti kúrò lórí ooru nìyẹn, ó ti bọ́ sórí ibi tí ìlànà ti wá. Egungun inú àpáta àti DNA la fi ń dá ẹjọ́ yẹn. Mi ò sọ pé òfin ooru fìdí ẹfolúṣọ̀n múlẹ̀ o, kò kàn dí i lọ́nà ni. Bí ohun abẹ̀mí àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sì tún lọ́tọ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń wá a.

Ọ̀rọ̀ ti sú ìyá oníyìnyín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró ti fíríísà mi yìí, bẹntiróòlù ni mo fi ń tan jẹnẹrétọ̀ o. Ẹ sanwó yín."

Ẹ̀gbọ́n ló sanwó.